Fèrèsé apàwọ̀dà tó ti ń lọ́ra: ṣé iná ni kò tó?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Gíláàsì oníná ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ibi iṣẹ́ wa, a kì í lo kọ́tìnì. A ó tẹ bọ́tìnì, á sì dúdú díẹ̀díẹ̀ bí awò ojú tí wọ́n ń lò sí oòrùn. Ọdún kẹjọ rèé. Nígbà tó wà ní tuntun, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń gbà. Ní báyìí ó ti ń tó ogún, etí ló sì ń kọ́kọ́ dúdú, àárín á wá gbẹ̀yìn. Bí a bá ní kó mọ́ padà, àwọ̀ aró díẹ̀ á ṣì kù lára rẹ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ní ojú roboto kan tí kì í dúdú rárá. Ẹni tó ń bójú tó ilé ní iná ni kò tó, pé òun máa fi kún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló tiẹ̀ ń yí àwọ̀ gíláàsì náà padà?"

Ìdáhùn: Ẹ tètè dá a dúró o. Kó má fi kún iná kankan. Iná tó ju agbára gíláàsì yẹn lọ wà lára ohun tó ń pa á kíákíá, màá sì sọ bó ṣe ń pa á fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹjọ́ mẹ́ta lẹ kó wá, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìlọ́ra, aró tí kì í tán, àti ojú roboto tí kì í dúdú: kálukú ló ní ìdí tirẹ̀. Ti àárín tó ń gbẹ̀yìn kò tilẹ̀ fi dandan jẹ́ àrùn.

Gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í pàwọ̀ dà. Gíláàsì lásán ni, irú èyí tó wà lójú fèrèsé gbogbo. Ohun tó ń pàwọ̀ dà wà nínú ìpele márùn-ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ lé e lórí. Nínú irú èyí tí wọ́n fi ohun líle ṣe látòkè délẹ̀, ìpele márààrún pa pọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún milimita lọ. Irun orí nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ìpele tó wà ní ìta níhà méjèèjì ló ń gbé iná, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Indium tin oxide ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ohun kan náà tó wà lójú fóònù tí ìka yín ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Tungsten oxide fara ti ọ̀kan nínú wọn, nickel oxide sábà máa ń fara ti ìkejì; irin tó para pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni àwọn méjèèjì. Àárín gbùngbùn ni ìpele kan wà tó ń gba áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ní iná lára) láyè kó kọjá, tó sì ń dínà fún ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù, ohun kínníkínní tó ń gbé iná nínú wáyà.

Ẹni tó bá mọ inú bátìrì fóònù ti mọ ibi tí mo ń lọ. Bátìrì ni fèrèsé yín, àfi pé èèyàn lè gba inú rẹ̀ wo ìta. Bó ṣe ń gba cháàjì ló ń dúdú, bó ṣe ń tú u sílẹ̀ ló ń mọ́. Bí bátìrì ṣe ń gbó náà ló ń gbó.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, iná kékeré tí kì í sábà ju fóòtì (volt) 5 lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé lithium, irin fúyẹ́ tó wà nínú bátìrì fóònù, jáde kúrò nínú nickel oxide. Áyọ́ọ̀nù ni lithium yìí, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ti fi ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù rẹ̀ kan sílẹ̀. Á gba àárín kọjá, á sì wọ inú tungsten oxide. Ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù kò rí àárín gbà, nítorí náà wáyà ló gbà yípo, kó tó wọlé bá lithium lódìkejì. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dé. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ìkejì kò lè wọlé.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé lithium ló ní aró lára. Rárá o, ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù ni. Nínú tungsten oxide tó mọ́, átọ́ọ̀mù tungsten kọ̀ọ̀kan ti fi ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù mẹ́fà sílẹ̀. Bí ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù àlejò bá wá bà lé ọ̀kan, gbèsè ẹni yẹn dín kù sí márùn-ún, ó sì wá yàtọ̀ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àlejò yìí lè fò sórí aládùúgbò, ṣùgbọ́n fífò náà gba agbára, inú ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ló sì ti ń mú agbára ọ̀hún. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń gbé mì, àti pàápàá apá kan ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò rí ṣùgbọ́n tí ara ń mọ̀ bí ooru. Ìmọ́lẹ̀ tí a bá ti yọ pupa inú rẹ̀, aró ló ń kù sí. Lódìkejì, nickel oxide tí lithium jáde lára rẹ̀ náà ń di búráùn. Aró níbí, búráùn lọ́hùn-ún, ojú wá ń rí àpapọ̀ wọn bí eérú tó ní aró díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Ní 1815 ni Berzelius, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti rí i pé tungsten oxide ń pàwọ̀ dà bí gáàsì hydrogen bá fẹ́ sí i nínú ooru. Ó di 1969 kí S. K. Deb tó gbé iṣẹ́ jáde nípa fífi iná yí àwọ̀ rẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é fúnra mi nílé ẹ̀kọ́. Gíláàsì náà kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, tungsten oxide ti wà lára rẹ̀. Mo fi kìlíìpù mú un lórí, mo rì í sínú ife tí a po iyọ̀ lithium sí, mo so ó mọ́ bátìrì fóòtì 1.5. Mo ti rò pé gbogbo rẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ni aró náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí gíláàsì ti wọ ojú omi, nítòsí kìlíìpù. Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí òkè ti dúdú bí aró, ìsàlẹ̀ ṣì funfun báláú. Mo yí wáyà padà, ó mọ́. Mo tún yí i, ó tún dúdú. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó rán mi.

Ohun tí mo rí nínú ife yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé yín. Ìpele tó ń gbé iná kò dà bí wáyà bàbà. Ó fẹ́lẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, ó sì ń dá iná dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Etí gíláàsì ni wọ́n fi okùn irin tín-ín-rín sí láti fi kó iná wọlé, nítorí náà etí ń jẹun yó kó tó kan àárín. Bí gíláàsì bá ṣe fẹ̀ tó ni àárín rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Gíláàsì tuntun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àárín yín bá ń bá etí dọ́gba nígbẹ̀yìn, kò sí ìjà. Bó bá jẹ́ pé kì í bá a mọ́, ká wá gbé e yẹ̀ wò. Ẹ tún rántí òtútù: áyọ́ọ̀nù a máa wọ́ rìn bí ara gíláàsì bá tutù, ọjọ́ tútù kan ṣoṣo sì lè fi ìṣẹ́jú púpọ̀ kún un. Kí ẹ tó fi mẹ́fà wé ogún, ẹ rí i pé irú ojú ọjọ́ kan náà lẹ ń fi wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ogbó gan-an.

Ẹ wo ilé kan tí àlejò ń wọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń tú jáde lálẹ́. Gbogbo wọn ló ń lọ, àfi ẹnìkan tó rí igun kan tó tù ú lára, tó ní òun kò lọ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ta ló máa mọ̀? Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọjọ́, àwọn tó sùn mọ́lé ti pọ̀ débi pé àyè kò gba àlejò tuntun, àwọn tó sì lè máa lọ máa bọ̀ ti ṣẹ́kù díẹ̀. Bí lithium ṣe ń ṣe nínú tungsten oxide nìyẹn. Igun kan wà tó jẹ́ pé bí a bá fún un ní àkókò, á jáde. Òmíràn jìn débi pé iná ojoojúmọ́ kò lè fà á yọ níbẹ̀.

Àmì méjì ni èyí ń fi hàn, ẹ sì ti rí méjèèjì. Lithium tó há sínú kò há òun nìkan, ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù rẹ̀ bá a jókòó, aró rẹ̀ á sì máa fara hàn nígbà tó yẹ kí gíláàsì mọ́. Ìdí aró yín tí kì í tán nìyẹn. Ní ìdàkejì, lithium tó ṣẹ́kù fún iṣẹ́ ti dín kù, nítorí náà dúdú náà kì í jìn tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣe ni òkè ń sọ̀ kalẹ̀ tí ilẹ̀ ń gòkè, àyè tó wà láàárín wọn ń fún.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 2015 tí inú mi dùn sí. Àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden mú tungsten oxide tó ti gbó báyìí, tí àyè rẹ̀ ti fún pátápátá, wọ́n fi iná tó dúró lójú kan fa lithium inú rẹ̀ jáde títí àwọn tó há sínú igun jíjìn fi bọ́. Gíláàsì náà padà ṣe bí tuntun. Ìyẹn ni pé ogbó irú èyí kì í ṣe ikú: ilé kò wó, èrò ló kún un.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń bójú tó ilé yín á sọ. Á ní, "Ẹ gbọ́, ṣebí iná náà ni wọ́n fi wò ó sàn?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìpele tungsten oxide nìkan ló wà nínú omi kẹ́míkà, kò sí nickel oxide tó so mọ́ ọn, kò sí gíláàsì kejì, kò sí ọ̀dà tó dí etí, ìwọ̀n tí wọ́n sì fi ń ṣọ́ iná náà kò yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Fèrèsé yín ti di odindi. Iná tí ẹ bá fi kún un á kan gbogbo ìpele lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná tí wọ́n lò níbẹ̀ ń fa lithium jáde. Ẹni tó ń wá bí gíláàsì á ṣe tètè dúdú ń ti púpọ̀ sí i wọlé ni.

Mo ti fojú ara mi rí ohun tí àlékún ń ṣe. Mo gbàgbé gíláàsì kékeré kan sórí iná lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ti yí iná náà sókè kí n lè tètè parí iṣẹ́. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, àwọn ilé afẹ́fẹ́ kéékèèké ti so mọ́ ojú rẹ̀ bí ìgbà tí omi fẹ́ hó. Mo ní kí n fà á jáde, ìpele náà bó lé mi lọ́wọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí iná bá ti kọjá ààlà tí ìpele àárín lè gbà, kò ní gbé lithium nìkan mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ohun tó bá bá níbẹ̀ sí wẹ́wẹ́: omi díẹ̀ tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ á di gáàsì, bó bá sì jẹ́ pé róbà ni wọ́n fi ṣe ìpele àárín, á jẹrà. Lithium tó bá pọ̀ jù lè kọjá tungsten oxide dé indium tin oxide, kó sì ba ọ̀nà tí iná ń gbà jẹ́. Nígbà náà, gíláàsì tí ẹ ń bínú sí pé ó ń lọ́ra á wá lọ́ra títí ayé.

Omi jẹ́ ọ̀tá mìíràn. Tungsten oxide kò fẹ́ ẹ, ó ń yòrò díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, bó sì ti ń yòrò ni ojú tó ń gba lithium ń dín. Bí ọ̀dà tó dí etí gíláàsì bá sán, ọ̀rinrin á wọlé, àrùn náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti etí, kì í ṣe láti àárín. Ooru ńkọ́? Gíláàsì tó dúdú ń gbé oòrùn mì, ara rẹ̀ sì ń gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ dáadáa. Ooru ń mú áyọ́ọ̀nù yára, ó sì ń mú kí gbogbo ìbàjẹ́ tí mo ń kà yìí yára pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé tó kọjú sí oòrùn fi sábà máa ń gbó ṣáájú èyí tó wà ní ìbòòji nínú ilé kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ojú roboto yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé iná ló ń jò níbẹ̀. Bí eruku kan tí ojú kò lè rí bá bọ́ sórí gíláàsì nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ìpele, ihò tín-ín-rín lè wà níbẹ̀ tí ìhà méjèèjì fi fọwọ́ kan ara wọn. Ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù tó yẹ kó gba wáyà yípo á gba ihò yẹn sá kọjá, agbègbè tó yí ihò náà ká kò sì ní rí iná tó láti fi dúdú. Ihò lè má tó orí abẹ́rẹ́, kí funfun tó yí i ká sì fẹ̀ tó ẹyọ owó. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n a máa wá irú ihò bẹ́ẹ̀ kiri, wọn a sì fi iná lésà gé e yà kúrò lára ìyókù. Á ku àmì kékeré tí ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí. Èyí tó bá ṣí lẹ́yìn tí fèrèsé ti wà lára ògiri ló ń fara hàn bí ti yín. Bí iná bá pọ̀ sí i, ohun tó ń jò níbẹ̀ náà á pọ̀ sí i.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan: gbogbo ohun tí mo sọ wọ̀nyí, ti tungsten oxide ni. Irú kan wà tó jẹ́ gẹ́ẹ̀lì ló wà láàárín rẹ̀, tí ohun tó ń pàwọ̀ dà sì wà nínú gẹ́ẹ̀lì náà. Fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787 wà nínú ìran yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni dígí ọkọ̀ tó ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ bí iná ọkọ̀ ẹ̀yìn bá tàn sí i. Viologen ni wọ́n ń pe ìdílé kẹ́míkà tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ kò nílò ìyẹn fún ti yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ pa iná tán tí dúdú náà ṣì dúró fún wákàtí mélòó kan, ó jọ pé ti tungsten oxide lẹ ní. Èyí tó ń funfun bí wàrà dípò kó dúdú, ìran mìíràn pátápátá ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé wọn kò dán an wò kí wọ́n tó tà á ni. Wọ́n dán an wò. Ìlànà E2141 ti ASTM, àjọ tó ń kọ ìlànà ìdánwò, ní kí wọ́n máa mú un dúdú, kí wọ́n máa mú un mọ́, nígbà 50,000, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó jọ ti oòrùn, nínú ooru tó le. Bí a bá pín 50,000 sí 30 ọdún, ó lé ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Ìdánwò tó le ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀ èmi kì í fi gbogbo ara lé e, nítorí ohun tí ó kà ni iye ìgbà. Ọ̀rinrin tó ń yọ́ wọlé lábẹ́ ọ̀dà fún ọdún mẹ́jọ kò bá ẹnikẹ́ni ka ìgbà, kàlẹ́ńdà ló ń tẹ̀ lé. Fèrèsé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní dúdú jù lọ fún oṣù mẹ́ta gbáko kò yí àwọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lithium rẹ̀ sì ti rí oṣù mẹ́ta gbáko wá igun tó máa sùn sí.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín rèé. Màá kọ́kọ́ bi ara mi bóyá gbogbo fèrèsé ló ń lọ́ra bákan náà. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, tó sì jẹ́ pé ìgbà kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, gíláàsì kọ́ ni mo máa fura sí, bí kò ṣe àpótí tó ń pín iná fún wọn tàbí ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀. Ọwọ́ kan ló ń bọ́ gbogbo wọn; bí ọwọ́ yẹn bá rọ, gbogbo wọn ni ebi ń pa. Níbẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń bójú tó ilé yín ti lè jàre díẹ̀, àmọ́ títún iná ṣe padà sí iye tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ ni ìwòsàn, kì í ṣe fífi kún un. Bó bá wá jẹ́ pé àwọn tó kọjú sí oòrùn ló ń ṣàìsàn, tí ti ìbòòji dá ṣáká, ogbó ni. Ẹnjiníà lè pààrọ̀ wáyà fèrèsé méjì tó tóbi dọ́gba síra wọn: bí ìlọ́ra bá tẹ̀ lé wáyà lọ, wáyà ló jẹ̀bi; bó bá dúró ti gíláàsì, ẹ ti mọ ẹni tó ni ín.

Fún aró tó kù, ẹ jẹ́ kí gíláàsì wà ní mímọ́ látàṣálẹ́ títí di òwúrọ̀, kí ẹ má fi sí "dúdú díẹ̀" mọ́jú. Àwọn lithium tó wà ní igun tí kò jìn á rí àyè jáde. Láàárọ̀, ẹ gbé bébà funfun sẹ́yìn gíláàsì tó ń ṣàìsàn àti ti ìbòòji, kí ẹ wo méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí aró náà bá ń dín, ẹ sọ ọ́ di àṣà. Bí kò bá yí padà rárá, inú igun jíjìn ló wà, ẹ wá ìwé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ fún yín jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ti ojú roboto, ẹ mú máákà tó ṣeé nù, kí ẹ fà á yí etí funfun náà ká nígbà tí gíláàsì bá dúdú tán, kí ẹ kọ déètì sí i. Bó bá ṣì wà nínú àmì náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá ti kọjá rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gíláàsì yẹn nìkan.